Ìdíje fáwọn tó fẹ́ dá sítúdíò géèmù sílẹ̀: ìbéèrè táwọn ọmọ Àjàṣẹ́ ń béèrè jù

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé lórí WhatsApp tọ̀sán tòru: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kọ́nkúù géèmù wo la lè wọ̀? Kí la máa mú dání?" Látorí àwọn ọmọ Wàǹdó l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí títí dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀. Mo wá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá tún béèrè, mà á kàn fi ránṣẹ́ sí i ni. Ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tuntun o, torí mo mọ̀ yín.

Irú ìdíje wo lẹ̀ ń sọ gan-an? Ṣé ti àwọn tó ń gbá FIFA ni?

Rárá. Ti àwọn tó ń ṣe géèmù ni, kì í ṣe ti àwọn tó ń gbá a. Wọ́n á kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní tíìmù-tíìmù, wọ́n á wá àwọn ọ̀gá tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà láti máa tọ́ wọn sọ́nà, wọ́n á wá ní kí tíìmù kọ̀ọ̀kan ṣe géèmù kan láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bíi pé sítúdíò gidi ni wọ́n. Ẹ̀kọ́ ni, ìdíje náà sì ni. Èyí tó lórúkọ jù nínú wọn ni Dare to be Digital, tí Yunifásítì Abertay ní ìlú Dundee lórílẹ̀-èdè Scotland dá sílẹ̀ ní 2000. Nígbà tó ń lọ, akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ló máa ń wà nínú tíìmù kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń jókòó ti iṣẹ́ níbẹ̀ láti oṣù kẹfà wọ oṣù kẹjọ, àwọn kan tiẹ̀ ń wá láti China àti India. Tó bá parí wọ́n á gbé gbogbo géèmù náà síta níbi àfihàn tí wọ́n ń pè ní ProtoPlay, tọmọdé tàgbà ìlú á wá gbá a wò. Tíìmù mẹ́ta ló máa ń gbẹ̀bùn, àwọn mẹ́ta yẹn nìkan náà ni BAFTA, àjọ tó ń fún àwọn òṣèré fíìmù lámì ẹ̀yẹ nílùú ọba, máa ń wò nígbà náà kó tó mú ọ̀kan nínú wọn fún àmì ẹ̀yẹ Ones to Watch.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Dundee, ìlú tẹ́nì kan ò gbọ́ rí?

Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ ọ rí. Ilé iṣẹ́ Timex tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti ń to kọ̀ǹpútà ZX Spectrum láti 1982, kọ̀ǹpútà ọ̀hún wá pọ̀ nílùú, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ géèmù nínú yàrá wọn. Ibẹ̀ ni sítúdíò DMA Design ti jáde, àwọn tó ṣe géèmù Lemmings ní 1991, táwọn náà tún ṣe Grand Theft Auto àkọ́kọ́ ní 1997. Bẹ́ẹ̀ ni o, GTA tẹ́ ẹ̀ ń gbá lóru títí ìyá yín fi ń pariwo, Dundee ló ti wá. Ọdún 1997 yẹn náà ni Abertay bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dìgírì lórí géèmù kọ̀ǹpútà. Ẹ sì wò ó, èèyàn tó wà l'Ájàṣẹ́ níbí pọ̀ ju tiwọn lọ.

Ṣé Dare yẹn ṣì ń lọ? Ṣé a lè forúkọ sílẹ̀?

Bó ṣe wà nígbà tó gbóná yẹn, ó ti kúrò nílẹ̀, Abertay ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tó kéré sí i, Dare Academy. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kóun bá yín forúkọ sílẹ̀ ní Dare to be Digital, olè ni, ẹ dá a mọ̀. Àmọ́ mo ṣì ń fi kọ́ yín nítorí pé ìlànà ẹ̀ ló kún jù, ohun tí wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ tíìmù níbẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù náà ń béèrè.

Èyí tó ṣí sílẹ̀ fún yín pọ̀. Global Game Jam máa ń wáyé lọ́dọọdún nínú oṣù kìíní, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, wákàtí 48 ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, kárí ayé ni. Ludum Dare ti wà láti 2002, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ò nílò físà kankan. Lórí itch.io, ìkànnì táwọn èèyàn ń gbé géèmù tí wọ́n ṣe sí, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn ò ní gbé ìdíje kékeré kan síbẹ̀. Maliyo Games tó wà l'Ékòó náà ní ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ GameUp Africa. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi tíìmù yín ṣe ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké yìí parí kẹ́ ẹ tó máa lá àlá ọkọ̀ òfuurufú. Tíìmù tí ò tíì jọ parí géèmù kan rí, kò sí ohun tó lè sọ fún adájọ́ tó máa wọ̀ ọ́ létí.

Èèyàn mélòó ló yẹ ká jẹ́? Àwa mẹ́jọ la wà, gbogbo wa la sì mọ kóòdù.

Ìṣòro gan-an nìyẹn. Márùn-ún bíi ti Dare tó. Ẹ̀yin mẹ́jọ tẹ́ ẹ jọ jáde ní kíláàsì kan náà, tẹ́ ẹ jọ mọ nǹkan kan náà, tíìmù kọ́ lẹ jẹ́, kíláàsì ṣì ni. Nínú àwọn tíìmù Dare, ẹ máa rí àwọn tó ń kọ kóòdù, ẹ máa rí àwọn tó ń yàwòrán, ẹ máa rí ẹni tó ń ṣe ohùn àti orin. Ohun tó sì máa ń pa tíìmù ilẹ̀ wa gan-an ni ti ẹni tó ń darí iṣẹ́, tí gbogbo ayé rò pé kì í ṣe iṣẹ́. Òun ló máa mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ gbé ẹ̀dà tuntun jáde, òun ló máa pe ẹni tó ń yàwòrán láàárọ̀ Ọjọ́rú pé, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn yẹn dà? Òun náà ló máa sọ pé ká yọ apá kan géèmù kúrò torí àyè ò sí mọ́, gbogbo yín á sì bínú sí i. Ẹ wá ọmọbìnrin kan tó ti bá ìyá ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rí, tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà tó jẹ gbèsè sọ̀rọ̀, ẹ gbé e sípò yẹn. Mo fọwọ́ sọ̀yà.

Àwọn mẹ́ta tó kù nínú mẹ́jọ yẹn ńkọ́? Kí wọ́n dá tíìmù tiwọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa jẹ́ alátakò ara yín, ó sàn bẹ́ẹ̀.

Mi ò mọ kóòdù, mi ò sì mọ àwòrán. Ṣé kí n lọ sílé ni?

Ṣó o mọ ìlù? Ṣó o mọ ìtàn sọ? Ṣé ìwọ làwọn ọmọ àdúgbò ń pè kó o wá dájọ́ bí wọ́n bá ń ta ayò? Wá.

Láàptọ́ọ̀pù wa ti gbó, mẹ́mọ̀rì gígábáìtì mẹ́rin péré. Ẹ́ńjìnnì wo la lè lò láti fi ṣe géèmù?

Godot. Mi ò ní fọ̀rọ̀ gùn ún jù. Ọ̀fẹ́ ni pátápátá, kò sẹ́ni tó máa béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín bí géèmù yín bá tà lọ́la, fáìlì ẹ̀ ò sì tó mẹ́gà 200, kódà tẹ́ ẹ bá jókòó sí síbà ẹ máa gbé e lọ sílé lórí USB láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Unreal lágbára lóòótọ́, àwòrán ẹ̀ máa ń dà bí fíìmù, àmọ́ ọ̀pọ̀ gígábáìtì ló ń jẹ lórí díìsìkì, tó bá jẹ́ forfait orí fóònù lẹ fẹ́ fi gbé e wálẹ̀, owó oúnjẹ oṣù kan ti lọ nìyẹn. Unity wà láàárín, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ń fi kọ́ni, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀ sì pọ̀ ní Faransé lórí YouTube, àmọ́ ẹ rántí pé ní oṣù kẹsàn-án 2023 wọ́n jí lọ́jọ́ kan wọ́n ní àwọn á máa gbowó lórí iye ìgbà táwọn èèyàn bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ wọn, gbogbo ayé figbe ta, ọdún kan gbáko ló gbà kí wọ́n tó fagi lé e. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn sá lọ sọ́dọ̀ Godot, wọn ò sì padà.

Fún àwòrán, Blender àti Krita. Fún ohùn, Audacity. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ yé lo kráàkì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n jí lò láìsanwó, fún iṣẹ́ ìdíje, bí wọ́n bá ká a mọ́ yín lọ́wọ́ wọ́n á lé yín, kráàkì yẹn sì ni kòkòrò fi ń wọ kọ̀ǹpútà yín.

Iná ń lọ, íntánẹ́ẹ̀tì ń já. Báwo la ṣe fẹ́ jọ ṣiṣẹ́?

Ẹ lo Git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà iṣẹ́ yín. Mo mọ̀ pé ó máa ń dẹ́rù bà yín, àmọ́ òun ló bá ìlú wa mu jù, torí orí kọ̀ǹpútà ẹ gan-an lo ti ń fi iṣẹ́ pamọ́, ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé lo tó máa gbé e lọ sórí GitHub, ìkànnì tí gbogbo tíìmù ti máa rí i, bóyá lálẹ́ nígbà tí forfait òru bá bẹ̀rẹ̀. Iná lè lọ nígbà mẹ́wàá lójúmọ́, iṣẹ́ ò ní sọnù. Ṣùgbọ́n GitHub ò gba fáìlì tó bá ju mẹ́gà 100 lọ, ibẹ̀ làwọn tó ń yàwòrán ti ń kó bá wa, wọ́n á kàn ju fáìlì Blender ńlá síbẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dúró gbagidi. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa rí sí i.

Mo ti rí tíìmù kan tó ń fi USB pín iṣẹ́, fáìlì náà ń jẹ́ "final", "final2", "final_gidi", "final_gidi_Sáídì". Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ṣé ká fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tàbí Zangbeto síbẹ̀? Ṣé àwọn òyìnbó fẹ́ràn ẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì máa ń bí mi nínú jù. Ẹni tó bá kàn ya ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lé orí ọkùnrin kan tó ń sáré tó ń fò bíi Mario, kò tíì fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ síbì kankan, aṣọ ló kàn wọ̀ fún Mario. Ẹ bi ara yín, kí lẹni tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń ṣe gan-an? Ẹ̀yin ọmọ Kétu, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ìlù á fọhùn, á sọ gbólóhùn kan, oníjó á gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ á sì sọ gbólóhùn yẹn padà, ṣaworo tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹ̀ á dún mọ́ ọ̀rọ̀ ìlù náà wẹ́kú, tó bá ṣì í, gbogbo agbo á mọ̀, àwọn ìyá á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Géèmù ti wà níbẹ̀ ná! Ìlù sọ̀rọ̀, ìwọ fi ìka méjì lórí fóònù dáhùn, bó o bá dáhùn dáadáa gbólóhùn tó kàn á gùn sí i. Ẹ ò tíì ya ère kankan, ó sì ti ń dùn. Ìgbà yẹn lẹ tó wá lè ya ère, aṣọ, ọjà alẹ́, ohun tó bá wù yín.

Ohun tó fi dá mi lójú ni pé mo wo àwọn tó ń gbẹ̀bùn. Géèmù Chambara tó gba àmì ẹ̀yẹ BAFTA yẹn ní 2015, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ University of Southern California ló ṣe é, àwọ̀ méjì péré ló wà nínú ẹ̀, bó o bá dúró síwájú àwọ̀ tó jọ tìẹ, ojú ò ní rí ẹ mọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìjà inú ẹ̀ dá lórí nǹkan kan ṣoṣo yẹn, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé e jáde lórí PlayStation 4.

Ti Zangbeto, ẹ lọ bi àwọn àgbà tó ni ín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó wà nínú koríko han ayé. Mi ò sí níbẹ̀ o.

Kí ni wọ́n máa ń ní ká kó wá?

Ìdíje kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀, ẹ ka règlement ẹ̀ látòkè délẹ̀, pàápàá ọjọ́ orí àti bóyá ó dìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bó ṣe sábà máa ń rí ni pé wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé géèmù yín lójú ewé kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ sọ ẹni tí kálukú jẹ́ nínú tíìmù, kẹ́ ẹ fi fídíò kúkúrú kún un. Nínú fídíò yẹn, ẹ má fi ìṣẹ́jú kan gbáko yí lógò yín kiri. Ẹ jẹ́ ká rí ẹni tó ń gbá géèmù náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́, kódà tó bá jẹ́ àpótí funfun àti àpótí dúdú ló ń rìn.

Ẹ tún sọ ohun tẹ́ ẹ ò ní ṣe. "Kò ní sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìpele mẹ́ta péré ló máa ní." Adájọ́ tó bá rí i á mọ̀ pé àwọn wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọ síbẹ̀ ni ayé tó fẹ̀ bí Áfíríkà, ìlú 50, ogún ọkọ̀, tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ṣe.

Faransé là ń sọ. Ṣé kò ní ṣàkóbá?

Ó máa ń ṣe é díẹ̀, ká má parọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdíje yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yín lẹ ní mọ̀lẹ́bí ní ìlú Ìmẹ̀kọ tàbí Badagry, ẹ pe àbúrò bàbá yín tó wà lọ́hùn-ún kó bá yín ka ìwé náà. Nínú géèmù fúnra ẹ̀, ẹ fi Yorùbá sí i, ẹ fi ìlà Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa yarí. Ẹ kàn rí i pé fọ́ńtì tẹ́ ẹ lò mọ àmì sí ọ̀rọ̀ o, torí ẹ máa gbé e jáde tán lẹ máa rí i pé gbogbo ẹ, ọ àti ṣ ti di àpótí òfìfo.

Tá a bá borí, ta ló ni géèmù náà?

Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ó ní ìdíje tó máa fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ó ní èyí tí onígbọ̀wọ́ á ti gba apá kan. Ìwé tí ò yé yín, ẹ má fọwọ́ sí i lóru ọjọ́ tó máa parí.

Àmọ́ ìjà tó le jù kì í wá láti ìta, àárín ẹ̀yin márààrún ló ti ń wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣì jọ ń rẹ́rìn-ín: ìpín kálukú, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá gba sítáàjì ní Kútọnu tó sì kúrò láàárín, ẹni tó ni orúkọ tíìmù, ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwọlé ìkànnì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú ewé kan tó, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí kálukú mú ẹ̀dà kan. Bí géèmù bá wá di nǹkan gidi, BUBEDRA ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ní Bẹ̀nẹ̀ yìí.

Èló ló wà níbẹ̀?

Kò tó ohun tẹ́ ẹ rò. £2,500 ni tíìmù tó borí ní Dare máa ń gbà nígbà náà, ẹ wá pín in sọ́nà márùn-ún. Ohun tí wọ́n bá lọ ni orúkọ, àti àwọn ọ̀gá tó wá mọ̀ wọ́n, tó lè gbà wọ́n síṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta géèmù fúnra yín, itch.io ò gba kọ́bọ̀ láti gbé e síbẹ̀, Google Play á gba $25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Steam á gba $100 lórí géèmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì dá a padà bí géèmù náà bá ti pa $1,000. Káàdì báńkì tó lè sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa nílò, ẹ tètè wá ọ̀kan.

Bàbá mi ní eré ọmọdé ni, kí n lọ wá iṣẹ́.

Ẹ má bá a jiyàn, ẹ fi géèmù Aurion hàn án. Kiro'o Games ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù níbí, ló ṣe é, wọ́n gbé e jáde lórí Steam ní 2016, wọ́n tiẹ̀ lọ tọrọ owó lọ́wọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó parí ẹ̀. Iná ń lọ lọ́dọ̀ tiwọn náà. Bí Bàbá bá ṣì ń bínú, ẹ parí licence yín ná, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ fi ilé ìwé sílẹ̀.

Passeport àti físà ńkọ́?

Tó bá jẹ́ ìdíje tẹ́ ẹ máa rìnrìn àjò fún, kí gbogbo yín ní passeport kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú yín. Bí ẹnì kan ò bá ní, tíìmù ò pé nìyẹn.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé géèmù wa dùn?

Ẹ gbé e fún ẹni tí ò mọ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n yín á purọ́ fún yín, ọ̀rẹ́ yín á yìn yín. Ẹ mú fóònù lọ sọ́jà Wàǹdó lọ́sàn-án tí ọjà bá tutù díẹ̀, ẹ bẹ ẹnì kan, ẹ gbé e lé e lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì panu mọ́. Ìyẹn ló le jù fún yín, torí ẹnu ń yún yín láti sọ pé "tẹ ibí yẹn, tẹ ibí yẹn." Ẹ má sọ ọ́. Àtàǹpàkò ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ọmọbìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ló gbá géèmù tíìmù kan níbẹ̀, igi ẹ̀yìn ló ń tẹ̀ ṣáá, ó ń tẹ igi, ó ń tẹ igi, àwọn tó ṣe é sì ti ń gbọ̀n. Ìgbà tí mo wá wò ó dáadáa, igi yẹn ni wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé tó ń tàn jù nínú gbogbo ojú fóònù, bọ́tìnnì tó yẹ kó tẹ̀ wá jẹ́ eérú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ méjèèjì, wọn ò fọwọ́ kan kóòdù rárá. Wọ́n tún gbé e padà lọ sí Wàǹdó lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn gbà á, ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó gbá ìpele àkọ́kọ́ parí, ó wá ní àwọn méjì yòókù dà.